Omi ló ń pa àbámodá yín, kì í ṣe àìní ajílẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní àbámodá tí ẹ gbìn sínú ike ọ̀dà ní Ọ̀mù-Àrán ń rọ̀ láti ìdí, ewé rẹ̀ ń pọ́n, ẹ sì fẹ́ mọ irú ajílẹ̀ tí ẹ máa fi sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ajílẹ̀ kankan sí i. Láti ìgbà tí mo ti ń gbin ewé yìí ní Ìlọrin, ọ̀dá kò tíì pa ọ̀kan rí fún mi, ṣùgbọ́n òjò oṣù kẹsàn-án ti ba púpọ̀ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Erékùṣù Madagásíkà ni orírun rẹ̀, inú ewé àti ọ̀pá rẹ̀ ló sì ń tọ́jú omi sí. Bí oòrùn bá mú, á pa àwọn ihò tíntìntín tó wà lára ewé rẹ̀ dé kí omi má baà gbẹ. Òru ló máa ń ṣí wọn láti gba afẹ́fẹ́, èyí tó ń sọ di omi kíkan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdí nìyẹn tí Benjamin Heyne, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, fi kọ̀wé ní 1813 pé ewé náà kan lówùúrọ̀, àmọ́ kíkan náà ti lọ tó bá di ọ̀sán. Ohun ọ̀gbìn tó mọ omi í ṣọ́ báyìí kò lè fara da kí gbòǹgbò rẹ̀ máa rẹ nínú ike tí kò ní ihò.

Bí ìdí rẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ má wulẹ̀ tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ẹ já ewé kan tó gbó tó sì le, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí yanrìn gbígbẹ lábẹ́ ibòji, láìbò ó mọ́lẹ̀. Tó bá yá, ẹ óò rí i létí ewé náà, níbi tó ti ní eyín wẹ́wẹ́, tí gbòǹgbò tín-ín-rín bí òwú á yọ, tí ewé kéékèèké méjì á sì dìde lórí rẹ̀. Ẹ má tètè já wọn. Ẹ jẹ́ kí ewé ìyá rọ ná, nítorí òun ló ń bọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ po yangí wẹ́wẹ́ mọ́ yanrìn àti ilẹ̀ díẹ̀ sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, kí ẹ má sì bomi rin ín àfi tí ẹ bá ki ìka bọ ilẹ̀ náà tí ó gbẹ.

Bí ẹ bá ń sin ewúrẹ́ tàbí àgùntàn, ẹ gbé e síbi tí ẹnu wọn kò ní tó, nítorí pé oró kan wà nínú rẹ̀, pàápàá nínú òdòdó, tó ń da lílù ọkàn ẹran rú, tó sì lè pa á.