Èsì: Àwọn tó ṣe géèmù Aurion ní Kamẹrúùnù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé a rí ilé iṣẹ́ kékeré kan nílẹ̀ Áfíríkà tó fúnra rẹ̀ ṣe géèmù kọ̀ǹpútà gidi. Ó wà o: Kiro'o Games, ní Yaoundé. Guillaume Olivier Madiba ló ṣáájú àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2013, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí géèmù wọn, Aurion, ti wà lọ́kàn rẹ̀.

Wàhálà owó ló le jù. Wọ́n ta ìpín ìdókòwò fáwọn èèyàn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gba Kickstarter, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń dáwó fún iṣẹ́ tuntun, lọ ní 2015. 40,000 yúrò ni wọ́n béèrè, ohun tó wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ náà ò jẹ́ kí wọ́n sinmi, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Oṣù kẹrin 2016 ni Aurion jáde lórí Steam, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà.

Nínú ìtàn géèmù náà, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi Enzo, akọni rẹ̀, jọba ní ìlú Zama, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an, ni àna rẹ̀ gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Agbára àwọn baba ńlá ló fi ń jà. Ohun tó wú mi lórí jù ni Erine ìyàwó rẹ̀: kò jókòó ti ilé, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ló wà lójú ìjà. Ẹ wá géèmù náà, kẹ́ ẹ gbá a.