Sí àǹtí tó béèrè bóyá kó lọ ṣe kọ́ọ̀sì mediatore

Àǹtí mi, mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. Ẹ ní kọ́ọ̀pù kan (ẹgbẹ́ alájọṣiṣẹ́) ní Brescia pè yín síbi kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́ta, pé tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀ wọ́n á máa pè yín nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ mediatore, ìyẹn ẹni tó máa dúró láàrin àwa àlejò àti àwọn dókítà, tíṣà, ọlọ́pàá, ẹ ní ọkọ yín wá sọ pé kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ṣé ẹ kúkú gbọ́ Yorùbá, ẹ gbọ́ Pijin, ẹ gbọ́ èdè Ítálì, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ yín. Èmi fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí rèé ní Castel Volturno lápá Naples níbí, ohun tí mo sì mọ̀ nínú ẹ̀, ìyà ló kọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí sí ọsibítù, aboyún kan wà ńbẹ̀, ọmọ Yorùbá, oyún oṣù méje. Dókítà ní kí n bi í kí ló ń ṣe é. Obìnrin yẹn gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní "àyà mi ń já, àyà mi ṣáà ń já, mi ò rí oorun sùn." Èmi náà fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọṣẹ́, kíá mo ti yí i sí èdè Ítálì, mo ní àyà ló ń dùn ún. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tu bébà jáde, obìnrin yẹn bú sẹ́kún torí ó rò pé wọ́n ti rí àrùn kan lára òun tí wọ́n ò fẹ́ sọ. Ọkàn ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí mo ti ń gbọ́ "àyà mi já" lẹ́nu ìyá mi láti kékeré, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á, ẹnu mi ló yá ju ọpọlọ mi lọ. Ìgbà tí wọ́n tú wáyà yẹn tán ni mo lọ jókòó tì í ní kọ́rídọ̀, mo ní kí ló dé gan-an, ó wá tú lẹ́tà kan jáde níbi ìṣẹ́tí ìró ẹ̀, ó ti ká a sí wẹ́wẹ́, òógùn ti rin ín. Àwọn assistenti sociali, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìdílé àti ọmọ, ló kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé ti sọ fún un pé tí àwọn yẹn bá ti kọ lẹ́tà síni, ọmọ ni wọ́n fẹ́ wá gbà. Mo kà á fún un láti òkè délẹ̀. Wọ́n kàn ní kó wá lọ́jọ́bọ̀ agogo mẹ́wàá kó wá sọ ohun tó máa nílò tó bá bímọ ni.

Ìyẹn lẹ máa fi dá ọkọ yín lóhùn. Ẹni tó gbọ́ èdè ló gbé aboyún yẹn dé orí bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ kó tó lè sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà, ó di ìgbà tí ẹnì kan jókòó tì í.

Òfin Ítálì pàápàá ò pè wá ní ògbufọ̀. Òfin 286 ti ọdún 1998, article 42, ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé kí àwọn ọ́fíìsì ìjọba máa lo àlejò tí ìwé ìgbélùú ẹ̀ ò dín ní ọdún méjì gẹ́gẹ́ bíi mediatore interculturale, kí àárín àwọn àti àwọn àlejò yòókù lè gún. Torí náà ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà lára soggiorno yín ná, ìwé ìgbélùú yẹn. Ohun kejì, kò sí ìwé orúkọ kan ṣoṣo fún wa ní gbogbo Ítálì bíi ti àwọn dókítà àti lọ́yà, ọwọ́ Region kọ̀ọ̀kan (bí ìpínlẹ̀ tiwa) ni ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ́ọ̀pù yẹn kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀: ṣé qualifica, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí Region mọ̀ sí, ni wọ́n máa fún yín àbí attestato di frequenza? Attestato yẹn kò ju pé ẹ wá jókòó sí kíláàsì. Mo ní méjì nílé, wọn ò tíì fi rí iṣẹ́ fún mi rí.

Ẹ tún mọ̀ pé tí wọ́n bá ní àwọn ń wá mediatore fún "ọmọ Nàìjíríà", wọn ò ní béèrè ọmọ ibo. Níbí, àwọn Ẹ̀dó àtàwọn Gánà ló pọ̀, àwa Yorùbá ò tó nǹkan. Ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Bìní pe àwọn oníṣègùn jọ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ó tú gbogbo ìbúra tí àwọn tó ń kó ọmọ lọ sókè òkun fi de àwọn ọmọbìnrin, ó sì gégùn-ún fún ẹni tó bá tún dán an wò. Fídíò yẹn dé orí fóònù gbogbo èèyàn níbí. Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọbìnrin Bìní kan tí wọ́n fi irú ìbúra yẹn dè, tí kò bá mi sọ̀rọ̀ rí láti oṣù mélòó kan, dìde lójijì, ó ní "uncle, e go reach Italy?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ Ọba á ṣiṣẹ́ dé Ítálì. Sàíkọ́lọ́jíìsì tá a jọ wà ńbẹ̀ fẹ́ kí n sọ fún un pé irọ́ ni gbogbo ìbúra yẹn látilẹ̀. Mo kọ̀. Irun orí ẹ̀ àti èékánná ẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́jọ́ tó búra, ta ni èmi ọmọ Ìjẹ̀bú tí màá máa sọ agbára ọ̀rọ̀ Ọba Bìní fún ọmọ Bìní? Mo pe màmá Ẹ̀dó kan tá a jọ ṣe kọ́ọ̀sì, èmi sì jáde kúrò nínú yàrá. Wọ́n pẹ́ nínú yẹn o. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ọmọ yẹn ló fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n bá òun pe nọ́ńbà àwọn tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ màdáámù (obìnrin tó ń kó wọn wá síbí), 800 290 290. Tí kọ́ọ̀sì yín ò bá kọ́ yín ní ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ yẹra kí ẹlòmíì bọ́ síbẹ̀, ẹ bi wọ́n.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Nílé, alárinà ìgbéyàwó máa ń fi oyin sí ọ̀rọ̀, tí ìyá ìyàwó bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ ó máa gbé e mì, kó lè dáa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí mo ṣe ń ṣe é níbí náà nìyẹn, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ líle ní questura (ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń fúnni níwèé) màá rọ̀ ọ́, tí ọmọkùnrin bá pariwo màá ní ó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ọmọkùnrin kan wá tí wọn ò fún níwèé, ó sì ti rò pé wọ́n máa fún òun torí ohun tí mo ń rọ̀ fún un. Ó jáde, ó sọ káàkiri pé èmi ni mo tà á fún ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó débẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo lọ́jọ́ ìsinmi, tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì ojú títì Domitiana wọ́n á dákẹ́, ìyàwó mi lọ ra ata ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó máa ń fún un ní èènì ò wo ojú ẹ̀. Mi ò ta ẹnì kankan. Àmọ́ mi ò lè sọ pé mi ò jẹ̀bi, torí mo fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ọmọ yẹn jẹ láìmọ̀.

Láti ìgbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó lanu, mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì, ní èdè méjèèjì, lójú ara wọn: gbogbo ohun tí mo bá gbọ́ ni màá sọ, mi ò ní yọ kúrò, mi ò ní fi kún un, mi ò ní agbára láti fúnni ní nǹkan kan, kò sì ní jáde lẹ́nu mi tá a bá kúrò níbí. Àwọn dókítà míì máa ń wo aago. Mo máa ń sọ ọ́ tán. Ẹ má sì gba owó tàbí ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, ì báà ṣe adìyẹ.

Owó ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa san ti wákàtí tẹ́ ẹ fi rìn débẹ̀, àti ti ọjọ́ tí ẹni tẹ́ ẹ wá bá ò bá wá. Nígbà tí ìjọba ṣòfin tuntun lópin ọdún 2018, tí wọ́n gé owó tí wọ́n ń san fún àwọn ilé tí wọ́n ń kó àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ààbò sí, wákàtí àwa mediatore wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gé, àwọn tó dáńgájíá nínú wa padà sídìí tòmátì àti kalifoo, ìyẹn ni pé wọ́n tún ń lọ dúró ní oríta láàárọ̀ kùtù kí ẹnì kan tó gbé wọn lọ ṣiṣẹ́ òòjọ́. Ẹ sì béèrè ta lẹ máa sọ tiyín fún. Ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Líbíà lẹ́nu àwọn ọmọ yìí, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹnu ara yín tún un sọ pẹ̀lú "èmi", wọ́n lù mí, wọ́n tì mí mọ́lé, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í lá a lálàá. Kọ́ọ̀pù tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ní ẹnì kan tí ẹ̀ ń bá jókòó lóṣooṣù fún ìyẹn.

Ẹ lọ bi wọ́n láwọn nǹkan yìí lọ́jọ́ Ajé, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tí wọ́n bá sọ síbí, a máa jọ wò ó. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kẹ́ ẹ sì ka ti aboyún yẹn sí i létí.