Ìyá ọkọ mi dé: báwo ni mo ṣe máa mú wọn lọ sí ọgbà Kew?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Màmá ọkọ mi dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, oṣù méjì ni wọ́n máa lò lọ́dọ̀ wa. Mo fẹ́ kí gbogbo wa lọ ṣeré ní ọgbà Kew, ọgbà ewéko ńlá tó wà ní London níbí, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún méje, àbúrò wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Eékún ń dun màmá, Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba, la sì fi ń gbọ́ bùkátà. Kí ni kí n ṣe tí kò fi ní di wàhálà?
– Ìyá Ìbejì, Peckham

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àlejò màmá. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n gbádùn yín.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rí gbogbo ọgbà náà tán lóòjọ́. Ó lé ní 300 éékà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo mú ìyá tèmi lọ, a rìn títí ẹsẹ̀ wọn fi wú, wọn ò sì rántí ohun kan pàtó tí wọ́n rí. Ó dùn mí gan-an. Lẹ́ẹ̀kejì, ilé méjì péré la wọ̀, ìròyìn rẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ títí wọ́n fi padà sí Ìdànrè.

Ilé àkọ́kọ́ ni Palm House, ilé onígíláàsì tí wọ́n kọ́ láàárín 1844 sí 1848. Tí ẹ bá gba Victoria Gate wọlé, kò jìnnà. Bí ẹ bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn báyìí ni ooru á pàdé yín, bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí oòrùn tún yọ nílé. Ojú awò ìyá mi ṣú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n tún fi í sójú, igi kòkó ló wà níwájú wọn, tí èso rẹ̀ so mọ́ ara igi gan-an. "Kòkó rèé!" Wọ́n fa ọmọbìnrin mi mọ́ra, wọ́n ṣàlàyé bí bàbá àwọn ṣe ń la èso náà, tí wọ́n á da hóró rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n á bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sá a sóòrùn, àti bí nǹkan funfun tó bo hóró ọ̀hún ṣe máa ń dùn lẹ́nu àwọn ọmọdé. Ọmọ mi tó ti ń jẹ ṣokoléètì láti kékeré ò mọ̀ rí pé ara igi ló ti ń wá.

Nítorí náà, màmá ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣíwájú. Kí wọ́n máa dárúkọ ọ̀pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí àwọn ìbejì máa pè é tẹ̀lé wọn. Ẹ bá àwọn ọmọ wá igi kan tó ti wà nínú ìkòkò láti 1775, láti South Africa ni wọ́n ti gbé e wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yà sí Waterlily House tó wà nítòsí, kí màmá rí òṣíbàtà. Àmọ́ ẹ ti rọra sọ fún wọn láti ilé pé a kì í já ewé níbẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ewé kàn máa já a ni. Èèwọ̀ ni ní Kew.

Ní ti owó: tíkẹ́ẹ̀tì pọ́n-ùn kan wà fún ẹni tó ń gba Universal Credit. Ẹ mú ẹ̀rí rẹ̀ dání, kí ẹ sì ka ìlànà rẹ̀ dáadáa nípa àwọn tí ẹ jọ ń lọ. Ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rin kì í sanwó. Tí màmá bá máa san owó tó pé, ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ó dínwó ju ti ẹnu ọ̀nà lọ.

Nítorí eékún, ẹ béèrè kẹ̀kẹ́ aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń yáni. Ẹ má tijú, kí màmá náà má tijú.

Ẹ gbé ẹní àti oúnjẹ lọ. Mọ́ínmọ́ín ni mo fẹ́ràn jù fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ó dùn ní tútù, kì í sì í dà sílẹ̀ nínú àpò. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn dáná síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù àti skúútà àwọn ìbejì, ilé ni kí ẹ fi í sí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ọgbà àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣí ní 2019 ló kù. Ọmọ ọdún méjì sí méjìlá ni wọ́n ṣe é fún, omi wà níbẹ̀, ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání. Treetop Walkway, afárá tí wọ́n ṣe sókè láàárín orí igi, ga tó mítà 18. Ẹ̀rọ agbénisókè wà níbẹ̀, àmọ́ tèmi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Láti Peckham Rye, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Overground dé Clapham Junction, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin mìíràn dé Richmond, kí ẹ tó wọ èyí tó máa gbé yín dé Kew Gardens, ibùdókọ̀ kan péré ni. Aago mẹ́wàá ni kí ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú súwẹ́tà màmá lọ́wọ́ o, àní nínú oṣù Keje, torí atẹ́gùn tó máa fẹ́ lù wọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde nínú ooru yẹn.