Bàbá Ìbejì, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn?

Ẹ fi ojú ìwé mẹ́ta kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn, Bàbá Ìbejì, ẹ́ńjìnnì ló sì gba méjì àbọ̀ níbẹ̀. Toyota Síẹ́nà 2011, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ọdún kẹta rèé tí ẹ rà á. Ó ń gbóná. Ẹ fọ rẹdiétọ̀, ó ń gbóná. Ẹ pààrọ̀ fáànù, ó tún ń gbóná. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ gbowó, èkejì gbowó, ẹ̀kẹta ní kí ẹ lọ gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn wá láti Ládípọ̀. Ẹ wá ń bi mí pé: ṣé kí ẹ ta ọkọ̀ náà ni, àbí kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì? Ẹ tún bẹ̀ mí pé kí n bá yín bá ìyàwó yín wí, nítorí ó ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé òun àti àwọn ọmọ kò ní wọ ọkọ̀ náà lọ sí Èkó mọ́, ó sì dá yín lójú pé ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tì í.

N kò ní bá ìyàwó yín wí. Ẹ̀yin ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Lójú ìwé kejì, láàárín iye tí ẹ ra fáànù àti iye tí rẹ́wáyà gbà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan tí mo dà kọ síbí bó ṣe wà: “Àwọn ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ náà ń ṣe bákan. Ti òsì ṣí fúnra rẹ̀ lórí eré lọ́jọ́ kan, pánẹ́ẹ̀lì bítà bá wa fi wáyà dì í pa. Ti ọ̀tún kì í ṣí láti inú mọ́, ìyàwó mi ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti ṣí i fún wọn. Ìyẹn ò yọ wá lẹ́nu ṣá.” Bí ẹ ṣe parí gbólóhùn yẹn báyìí, orí rẹdiétọ̀ lẹ padà sí.

Ìyẹn ò yọ yín lẹ́nu! Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ wọ inú ọkọ̀ náà. Màmá yín jókòó sí ìlà àárín, àwọn tí ẹ ní orúnkún wọn kò gbé wọn dáadáa mọ́. Táyéwò àti Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn méjèèjì wà lẹ́yìn pátápátá. Èèyàn márùn-ún nìyẹn. Ẹ wá ka ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde fún mi. Ilẹ̀kùn òsì, wáyà. Ilẹ̀kùn ọ̀tún, àfi bí ẹnìkan bá wà níta. Ti bọ́ọ̀tù, ẹ lọ wò ó lálẹ́ òní, kò sí ọwọ́ kankan nínú tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè dì mú kó fà. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀yìn kì í sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ló máa ń là díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Gíláàsì àárín ń sọ̀, ṣùgbọ́n iná bátìrì ló ń gbé e. Bí iná bá ti lọ, ibi tó wà ló wà. Ohun tó ṣẹ́ kù ni àlàfo tóóró tó wà láàárín àga yín àti ti ìyàwó yín. Ṣé ibẹ̀ ni Màmá yóò gbà kọjá, pẹ̀lú orúnkún yẹn, nínú èéfín?

Ìyàwó yín ti ro gbogbo èyí kí n tó rò ó. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ fún mi. Ẹ ní ní Ògèrè, lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ gbóná títí èéfín funfun fi bo gíláàsì iwájú, ẹ sì sáré lọ wá omi. Ẹ ní nígbà tí ẹ máa fi dé, ìyàwó yín ń pariwo “lásán”, ó di ilẹ̀kùn ọ̀tún mú, ó ní ó há, àwọn ọmọ ń sunkún nínú. Ó padà ṣí, ẹ dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló ní òun kò wọ ọkọ̀ yìí lọ Èkó mọ́. Ojú ìwé kan gbáko lẹ fi sáàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹ kò so wọ́n pọ̀. Obìnrin tó dúró ní ẹ̀bá márosẹ̀, tó ń fa ilẹ̀kùn tí kò ṣí, tí àwọn ọmọ tó bí ń wò ó láti inú gíláàsì, lẹ sọ pé ìtìjú ẹgbẹ́ ló ń bá a jà.

Ìyàwó yín gan-an ni ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín, Bàbá Ìbejì. Bí òjò bá ń rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, òun ló ń sọ̀. Bí ọkọ̀ bá kú sí ẹ̀gbẹ́ òsì, lẹ́bàá ìlà àárín tó pín márosẹ̀ sí méjì, apá ọ̀tún tó máa sọ̀ sí yẹn ni tírélà ń sáré gbà kọjá. Bí ẹ bá sì fi orí ọkọ̀ gbá nǹkan, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i, òun tó jókòó síwájú lè má lè dìde. Ta ni yóò wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wà lẹ́yìn? Ẹ tún ní ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń gbé wọn lọ sí ilé ìwé ní Ọjọ́rú. Ta ló ń wà níta ní Ọjọ́rú?

Inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ fi pamọ́, nítorí irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan kọ̀wé nípa jẹnẹrétọ̀ tó ń mu epo jù, ó wá sọ láàárín ọ̀rọ̀ pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ń tàn án sí lálẹ́ nítorí olè. Òmíràn ń jà lórí owó tí káfíńtà jẹ, ó fi ẹnu bà á pé òkè àjà ti ń bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Owó tó bọ́ lọ́wọ́ ń dun èèyàn títí kò fi ní rí ẹ̀mí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sì kọ àkọsílẹ̀ owó yín dé orí àádọ́ta náírà. Mo rí i.

Mo mọ ohun tí mo ń wí. Ọmọ ọdún 26 ni mí nígbà náà, oyún oṣù mẹ́fà wà nínú mi, mo wọ ọkọ̀ akérò láti Ìjẹ̀bú-Òde ń bọ̀ ní Ìbàdàn. A dúró ní Ìdí-Ayunrẹ́, kọ̀ndọ́kítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti pe èrò. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú lábẹ́ àga dírẹ́bà. Dírẹ́bà fò jáde. Àwa tó kù ṣùrù bo ilẹ̀kùn, mo sì sún mọ́ ọn jù lọ. Kò sí ọwọ́ lára rẹ̀. Ihò kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ki ìdí ṣíbí bọ̀, ṣíbí yẹn ni wọ́n fi ń ṣí i. Mo di ṣíbí mú, mo yí i, ó yọ bọ́ sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. N kò lè bẹ̀rẹ̀ mú un nítorí ikùn mi. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà ló sáré wá fa ilẹ̀kùn náà láti ìta. Kò sí ẹni tó kú. Ọmọ tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà ti di bàbá ọmọ báyìí, síbẹ̀ bí mo bá wọ ọkọ̀ kankan, ọwọ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń kọ́kọ́ fà kí n tó jókòó.

Nítorí náà, ilẹ̀kùn la ó tún ṣe kí a tó fẹnu ba ẹ́ńjìnnì.

Ẹ fa ti ọ̀tún sẹ́yìn láti ìta, kí ẹ wo etí rẹ̀, níbi tí irin tó ń gbá a mú wà. Ẹ ó rí ahọ́n kékeré kan níbẹ̀, lọ́ọ̀kù ọmọdé ni. Bí wọ́n bá ti gbé e sí títì, kò sí bí èèyàn ṣe lè fa ọwọ́ inú tó tí ilẹ̀kùn yóò ṣí; ìta nìkan ló kù. Ọmọ lè fi ìka tì í nígbà tó ń gòkè, ẹni tó ń fọ ọkọ̀ náà lè tì í. Ẹ gbé e sí òdìkejì, kí ẹ tì ilẹ̀kùn, kí ẹ jókòó sínú, kí ẹ fà á. Bí ó bá ṣí, ẹ ó rí i pé ìyàwó yín ti ń jẹ òjò nítorí ohun tí kò tó ìka kan. Bí kò bá ṣí, okùn irin tó ti ọwọ́ inú lọ sí ibi ìgbámú lè ti já tàbí kó ti yọ. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn òbí máa ń fẹ́ lọ́ọ̀kù yẹn nítorí ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣí ilẹ̀kùn lórí eré, ó sì dára bí ilẹ̀kùn kejì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ti fi wáyà di èkejì.

Ọ̀rọ̀ ti òsì ló tún bà mí lẹ́rù jù. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀ lórí eré, ẹ ní kí wọ́n fi wáyà dì í, ẹ ń bá ìrìn yín lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, Toyota kéde pé òun ń pe Síẹ́nà tó tó 744,000 padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 2011 sí 2016. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yìí gan-an ni ìdí rẹ̀. Mọ́tò iná ló ń fa ilẹ̀kùn náà. Bí nǹkan bá dí i lọ́wọ́, bíi yìnyín tó gan mọ́ ọn nígbà òtútù, iná tó ń gbà lè pọ̀ jù títí fíúùsì yóò fi jó. Bí fíúùsì bá jó nígbà tí ibi ìgbámú ṣì wà ní ṣíṣí, ilẹ̀kùn lè là nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. 2011 ni tiyín, Amẹ́ríkà ló sì ti wá. Ó lè jẹ́ òun, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ lè wò ó láìná kọ́bọ̀. Ẹ dúró níwájú ọkọ̀, kí ẹ wo abẹ́ gíláàsì iwájú lápá dírẹ́bà, ẹ ó rí lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, yóò sọ fún yín bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn kò tíì ṣe lára ọkọ̀ náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ mú un lọ bá rẹ́wáyà tó mọ Síẹ́nà. Títí ilẹ̀kùn yẹn yóò fi dára, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ táksí ni wọn yóò máa wọ̀ lọ sí ilé ìwé, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ tà á. Ta lẹ fẹ́ tà á fún? Ẹ mọ̀ bí èmi náà ṣe mọ̀ pé àwọn tó ń fi Síẹ́nà kó èrò láàárín Ìbàdàn àti Èkó ló sábà máa ń ra irú rẹ̀. Wọn yóò kun un, wọn yóò kó èèyàn méje sínú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tà á pẹ̀lú wáyà yẹn lára rẹ̀.

Ti ẹ́ńjìnnì kò gba àkókò. Ẹ ní mẹkáníìkì kejì ti yọ tẹmọsítáàtì dànù “nítorí ilẹ̀ wa gbóná,” omi ẹ̀rọ lásán lẹ sì ń bù sí i. Ẹ dá tẹmọsítáàtì padà. Òun ló ń ṣètò bí omi ṣe ń yí láàárín ẹ́ńjìnnì àti rẹdiétọ̀. Omi lásán ń mú kí irin dógùn-ún nínú, ó sì ń tètè hó ju kúlańtì, omi tí wọ́n ṣe fún rẹdiétọ̀, lọ. Kí wọ́n fi atẹ́gùn dán ibi tí omi ń gbà yí wò kí ẹ lè rí ibi tó ti ń jò, kí wọ́n wo wọ́ọ̀tà pọ́m̀pù dáadáa, kí wọ́n sì yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì òkè wò. Mẹkáníìkì mẹ́ta ti gbowó yín, kò sí ìkankan tí ẹ ní ó ṣe èyí. Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì ní Ládípọ̀, ẹ má rà á ní Àgọ́dì Gate náà.

Ó ku ìyàwó yín. Ẹ má lọ sọ fún un pé mo ní ó jàre. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ bi í ohun tó rí ní Ògèrè, kí ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ẹ má mẹ́nu ba rẹdiétọ̀ nígbà tó bá ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tún ilẹ̀kùn méjèèjì ṣe, ẹ gbé ọkọ̀ náà sínú ọgbà yín ní ìrọ̀lẹ́. Kí àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti Màmá wọlé sínú rẹ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín dúró síta láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n jáde, kí Màmá gba ẹ̀gbẹ́ tó bá wù wọ́n. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bó bá ṣe pẹ́ tó kí ẹni ìkẹyìn tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.