Ìṣẹ́jú àáyá méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣírò

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá kí ẹsítéètì yín dáwó jọ ra bátìrì ńlá nítorí gírììdì tó ń wó lemọ́lemọ́, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn, torí owó tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbà lọ́wọ́ mi kì í ṣe kékeré.

Ẹja dídì ni mò ń tà n'Ìbàdàn. Nígbà tí owó dísù fẹ́ jẹ èrè mi tán, mo ta jẹnẹrétọ̀, mo fi owó rẹ̀ kún bátìrì túbúlà mẹ́rìndínlógún àti ínfátà. Ẹni tó tà á fún mi ṣírò wákàtí nìkan: ó ní á gbé yàrá yìnyín mi dé ìdájí. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí NEPA mú iná, mo dúró síwájú ínfátà, mo ń wo ojú rẹ̀. Fólítì 50 ló wà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìyẹn mọ́tò tó ń mú yàrá yìnyín tutù, gbéra, nọ́ńbà náà já sí 46, ó já sí 42, ínfátà ké, ó sì kú. Bátìrì ṣì kún o! A tún un tàn, ó tún kú. Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣí páálí títọ́sì kan, omi ti dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú ẹja ti funfun. Páálí mọ́kànlélógójì la kó dànù.

Kì í ṣe pé iná tán nínú bátìrì. Ìṣẹ́jú àáyá méjì tí mọ́tò fi ń gbéra ló pa mí lówó. Mọ́tò tó ń gbéra lè fa iná ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà ohun tó ń jẹ nígbà tó bá ti ń yí lọ, bátìrì tèmi kò sì lè tú u sílẹ̀ wàrà bẹ́ẹ̀ kí agbára rẹ̀ má wálẹ̀.

Ohun tó ń ṣe gírììdì gan-an nìyẹn. Iná ìjọba gbọ́dọ̀ máa lọ kó máa bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 50 Hertz yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìṣàkóso ní Òṣogbo ń tẹjú mọ́ tọ̀sán-tòru. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá ṣàdédé kú níbì kan, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn yòókù, wọ́n á máa mí hẹlẹ, eré wọn á dínkù, nọ́ńbà náà á wálẹ̀. Tó bá kọjá ààlà, àwọn tó kù á já ara wọn kúrò kí wọ́n má bàa bàjẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí gbogbo rẹ̀ á fi dojú dé. Ní oṣù Kẹwàá 2024, a rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó yẹ kí àwọn ibùdó tó ń pèsè iná fi agbára díẹ̀ pa mọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tó ń pín nǹkan bíi 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù, kí ló kù tó fẹ́ fi pa mọ́?

Ibẹ̀ ni bátìrì ńlá ti wúlò. Ní Gúúsù Ọsirélíà, ìjì wó òpó iná ní 28 oṣù Kẹsàn-án 2016, gbogbo ìpínlẹ̀ náà ṣókùnkùn. Wọ́n gbé bátìrì Tesla ẹlẹ́gbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kìlówáàtì, ìyẹn 100 mẹ́gáwáàtì, kalẹ̀ sí Hornsdale, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Kejìlá 2017. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ kan tó ń fi èédú pèsè iná ní Loy Yang, ní nǹkan bíi 1,000 kìlómítà síbẹ̀, kú lójijì pẹ̀lú 560 mẹ́gáwáàtì. Kí ibùdó tí wọ́n ti sanwó fún láti máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó mira, Hornsdale ti ń tú iná sílẹ̀. Mẹ́gáwáàtì méje àti díẹ̀ péré ni. Kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 560, ṣùgbọ́n ìyára rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ má gbàgbé pé bátìrì kì í pèsè iná, ó kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. 129 mẹ́gáwáàtì-wákàtí ni Hornsdale ń gbà nígbà náà. Bó bá ń tú 100 jáde, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ó ti gbẹ. Níbi tí iná kì í ti í dé, kí ni ẹ fẹ́ fi kún un? Ẹ ní láti ní sólà.

Bátìrì ẹsítéètì yín kò lè gbé gírììdì ró, ẹ̀yin nìkan ló máa gbà là. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka gbogbo ohun tó ní mọ́tò: ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, fírísà, ẹ́síì. Ẹ bi ontajà pé: bí gbogbo rẹ̀ bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Bó bá tún dáhùn pẹ̀lú wákàtí, ẹ wá ẹlòmíràn. Èmi ti pààrọ̀ tèmi sí bátìrì lítíọ́mù, tó lè tú iná sílẹ̀ wàrà, mo sì fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gbéra díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí, nọ́ńbà ojú ínfátà kì í já láti 52 kọjá 51.

Ẹ má gbé bátìrì yín sábẹ́ àtẹ̀gùn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ dísù. Ní oṣù Keje 2021, bátìrì ńlá kan gbiná nítòsí Geelong ní Ọsirélíà nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ọjọ́ mélòó kan ni panápaná fi wà lórí rẹ̀.

Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ omi yín síbí, a ó jọ ṣírò rẹ̀.