Ẹ má fi ọmú sílẹ̀ kó “sinmi”

Ìbéèrè: Ọmọ mi ti pé ọ̀sẹ̀ 3. Ọmú mi tó máa ń le gbandi tẹ́lẹ̀ ti wá rọ̀. Bí mo bá fi ẹ̀rọ fún un lẹ́yìn tí ọmọ ti mu, mílílítà 30 péré ló ń jáde, ọmọ náà sì máa ń sunkún ọmú ṣáá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n máa fún un ní mílíìkì agolo lóru kí ọmú lè sinmi, kó lè kún di àárọ̀. Oògùn tàbí àgbo wo ló máa ń jẹ́ kí omi ọmú pọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi oògùn sílẹ̀ ná. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí tó fi hàn pé omi ọmú yín kò tó. Líle tí ọmú le lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe omi ọmú nìkan. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara tó rọ́ wá síbẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n á sì wálẹ̀ bó bá yá. Mílílítà 30 tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn tí ọmọ ti mu, àṣẹ́kù ni. Ẹ̀rọ kì í sì í fa ọmú bí ẹnu ọmọ ṣe ń fà á. Ní ti ẹkún ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló ń fẹ́ mu léraléra lákòókò yẹn.

Ohun tí mò ń wá nínú ìbéèrè yín tí mi ò rí ni ìwọ̀n ọmọ àti iye ìlédìí tó ń lò. Láti ọjọ́ 5 sókè, ó yẹ kó máa tọ̀ ó kéré tán nígbà 6 láàárín wákàtí 24, kí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti kúrò ní dúdú, kó ti pupa rúsúrúsú. Ọmọ máa ń fọn díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, àmọ́ bó bá fi máa pé ọjọ́ 14, ó yẹ kó ti padà sí ìwọ̀n tí wọ́n bí i, kó sì máa fi nǹkan bíi gíráàmù 20 sí 30 kún un lójúmọ́. Ẹ gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ yìí. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń lọ sókè bẹ́ẹ̀, omi ọmú yín tó.

Ìmọ̀ràn “jẹ́ kí ọmú sinmi” yìí ló ń bí mi nínú, torí òun gan-an ló ń gbẹ ọmú ọ̀pọ̀ abiyamọ tí kò ní ìṣòro kankan tẹ́lẹ̀. Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ọmọ mu, bí kò mu, omi ọmú á yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iye tó bá jáde ló ń pinnu iye tí ara máa ṣe. Inú ọmú kún fún àwọn àpò tíntìntín tó ń ṣe omi ọmú. Bí omi bá dúró sínú wọn, wọ́n á fẹ̀, wọn ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn sí prolactin lẹ́nu mọ́, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ọmú tó kún ń ṣe omi díẹ̀díẹ̀. Ọmú tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tán ń ṣe é kíákíá. Ti ọ̀tún àti ti òsì ló sì ń dá tiwọn ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lóru ni prolactin máa ń pọ̀ jù. Òru yẹn náà ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ìgò dí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa jí bá ọmú tó kún fọ́fọ́, ẹ máa rò pé ìmọ̀ràn náà ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń ṣe é lọ, kíkún náà á máa dín kù, ìgò kan á di mẹ́ta, wọ́n á wá ní omi ọmú yín ti gbẹ. Kò gbẹ fúnra rẹ̀ o.

Bí òṣùwọ̀n bá wá fi hàn lóòótọ́ pé ọmọ kò mu tó, bó ṣe ń gbá ọmú mú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ gbé e kí ikùn rẹ̀ kọjú sí ara yín, kí imú rẹ̀ wà ní ọ̀gángán orí ọmú. Ẹ dúró dìgbà tó bá la ẹnu gbàgà kẹ́ ẹ tó fà á mọ́ra. Àgbọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ọmú, kí ètè ìsàlẹ̀ yí síta, kí ibi tó dúdú yí orí ọmú ká hàn lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Bó bá ń dùn yín títí tó fi mu tán, ẹ ti ìka bọ igun ẹnu rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un ṣe. Ọmọ tó ń fa orí ọmú nìkan lè wà níbẹ̀ fún wákàtí kan láìrí nǹkan gidi gbé mì.

Ìgbà 8 sí 12 ni kó máa mu láàárín wákàtí 24, tòru tọ̀sán. Bó bá ti ń sùn lẹ́nu ọmú, ẹ rọra fi ọwọ́ fún ọmú pọ̀ kó tún lè gbé mì. Bí kò bá gbé mì mọ́, ẹ gbé e sí ìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 sí 15 fún èyí tó ṣẹ́ kù jáde. Bó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fẹ́ lò, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ fi àtàǹpàkò sókè, kí àwọn ìka yòókù wà nísàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sí orí ọmú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn síhà àyà, ẹ fún un pọ̀, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ má ṣe máa fa ìka lórí awọ, ó lè bó yín lára. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó ní kò ṣiṣẹ́.

Ní ti àgbo tẹ́ ẹ béèrè, kò sí èyí tó ń bá yín fa omi jáde nínú ọmú, mi ò sì ní dárúkọ ọ̀kankan fún yín. Domperidone, ìyẹn oògùn tí àwọn kan ń rà fúnra wọn kí omi ọmú lè pọ̀, lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Dókítà nìkan ló lè sọ bóyá ó yẹ yín. Ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Àmujù kì í fi kún omi ọmú. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní èròjà tí wọ́n ń pè ní estrogen nínú, bí ẹ̀jẹ̀ bá dà púpọ̀ nígbà ìbí, tàbí bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín lọ́mú rí. Àwọn wọ̀nyí lè dín omi ọmú kù lóòótọ́.

Bí wọ́n bá ní kí ọmọ gba àfikún, omi ọmú tẹ́ ẹ fún jáde ni kó kọ́kọ́ jẹ́. Bí kò bá tó, ẹ fi mílíìkì agolo kún un níwọ̀n tí wọ́n bá kọ fún yín, láìtijú, kẹ́ ẹ sì fún ọmú nígbàkigbà tí ọmọ bá mu ìgò. Ẹ má fún un lómi rárá: kò ní oúnjẹ kankan nínú, ó sì lè fa gìrì.

Mi ò rí ọmọ yín, nítorí náà bó bá ń sùn ṣáá tí kò ṣeé jí láti mu, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí 8, bí funfun ojú rẹ̀ bá di pupa rúsúrúsú bí atalẹ̀ pupa, tàbí ara rẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ má dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an.