Èsì: Ṣé lóòótọ́ ni Rupert Neve, ọkùnrin tó ṣe àwọn ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tó lókìkí, kò kàwé ẹnjiníà?

Òótọ́ ni o. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ iṣẹ́ náà, nítorí náà ẹ má tìtorí pé ẹ kò ní ìwé-ẹ̀rí pa àtúnṣe amplifier (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè) tí ẹ fẹ́ kọ́ tì. Ṣùgbọ́n àfi tí ẹ bá ń tú ẹ̀rọ wò lójoojúmọ́ ló fi lè rí bẹ́ẹ̀. Fídíò wíwò nìkan kò tó.

Newton Abbot ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1926, Ajẹntínà ló dàgbà sí. Ọmọ ọdún 13 ló ti ń to rédíò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó ra áńbúláǹsì àlòkù àwọn ológun, ó sì ń gbé e kiri láti gba ohùn àwọn akọrin sílẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: abẹ́rẹ́ ń fín ohùn sára àwo bí wọ́n ṣe ń kọrin lọ. Tó bá bàjẹ́, kò ṣeé pa rẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni etí rẹ̀ ti mú.

1073 tí ẹ béèrè, ìyẹn ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń mú ohùn máíkì ròkè, 1970 ló ṣe é.

Ẹ wá rédíò tó ti kú kan lónìí. Ẹ yọ iná rẹ̀ kúrò kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì ya àwòrán gbogbo wáyà tí ẹ bá rí.